Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó yí ọkàn padà lórí ìbò òmìnira?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mò ń gbé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé bí wọ́n bá gbé ìdìbò kalẹ̀ lórí orílẹ̀-èdè Yorùbá lọ́la, “bẹ́ẹ̀ ni” ni èmi yóò dì. Ní báyìí, ọkàn mi ti yí padà. Mo ro ti owó ìfẹ̀yìntì mi, mo ro ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó lọ́kọ sí Ẹ̀rúkù ní Kwárà, inú sì tún bí mi nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan bú àwa àgbà ní ìpàdé kan tí wọ́n pè lórí ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò mi ọkùnrin pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Ohun tó tún ń rú mi lójú ni pé ọmọ mi tó wà ní Dundee, ní Skọ́tlándì, dìbò “bẹ́ẹ̀ kọ́” lọ́dún 2014, ó sì ní bí wọ́n bá tún un dì lónìí, “bẹ́ẹ̀ ni” ni, nítorí pé wọ́n ti mú àwọn kúrò ní Yúróòpù. Èmi ń kúrò níbi tí òun ń lọ. Èwo nínú wa ni kò mọ ohun tó ń fẹ́?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹbí. Ẹ̀yin méjèèjì mọ ohun tí ẹ ń fẹ́, kò sì sí ọ̀dàlẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìbò òmìnira kì í ṣe májẹ̀mú tí a bá ẹnì kan mulẹ̀ lé lórí. Ìdájọ́ ni, lórí irú ìjọba tí àwa àti àwọn ọmọ wa yóò máa gbé lábẹ́ rẹ̀, adájọ́ tó gbọ́ ẹ̀rí tuntun tí kò sì padà yẹ ẹjọ́ náà wò ni ó yẹ kí á bá wí. Ohun tó wà lọ́rùn ẹni tó yí ọkàn padà ni pé kí ó lè sọ ohun tó yí i padà, kí ohun náà sì kan ọ̀rọ̀ tí ìwé ìdìbò yóò béèrè gan-an. Nínú ìdí mẹ́ta tí ẹ kọ ránṣẹ́, méjì kàn án gbọ̀ngbọ̀n, ẹ̀kẹta kò kàn án, n óò sì sọ ọ́ fún yín láìfi bò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ọmọ yín, nítorí òun ni ó ti di ìwé ìdìbò bẹ́ẹ̀ mú lọ́wọ́ rí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n ṣe rẹfẹrẹ́ńdọ̀ọ̀mù ní Skọ́tlándì, ìyẹn ìdìbò tí a kì í fi yan ẹnikẹ́ni sípò, tí a fi ń béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ará ìlú. Òfin gba àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé ibẹ̀, tí ìwé ìgbélùú wọn sì pé, láàyè láti dìbò, ọ̀nà yìí sì ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ gbà kópa. Àwọn ọmọ ọdún 16 pàápàá dìbò. Ìwé náà kò ní ariwo kankan lára. Ìbéèrè kúkúrú kan ló wà lókè rẹ̀, pé ṣé ó yẹ kí Skọ́tlándì jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira. Àpótí kékeré méjì wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún “bẹ́ẹ̀ ni”, ọ̀kan fún “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Kò sí àyè kankan níbẹ̀ tí ènìyàn lè kọ “nítorí” sí. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ìdá 55.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní “bẹ́ẹ̀ kọ́”, ìdá 44.7 ní “bẹ́ẹ̀ ni”. Dundee tí ọmọ yín wà jẹ́ ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin péré, nínú ẹkùn ìjọba ìbílẹ̀ 32, tí “bẹ́ẹ̀ ni” ti borí, nítorí náà kì í ṣe pé ó kàn tẹ̀ lé àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lára ohun tí àwọn tó ń polongo “bẹ́ẹ̀ kọ́” tẹnu mọ́ nígbà náà ni pé Skọ́tlándì tó bá dá dúró yóò bọ́ síta Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, yóò sì ní láti tún máa tọrọ ààyè láti wọlé. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016, gbogbo Bírítéènì dìbò lórí Yúróòpù. Ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní Skọ́tlándì ní kí àwọn dúró, ṣùgbọ́n ìdá 51.9 ní Bírítéènì lápapọ̀ ní kí wọ́n jáde, wọ́n sì jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Ẹni tó dúró sí Bírítéènì kí ó má bàa pàdánù Yúróòpù wá rí i pé Bírítéènì náà ni ó gbé òun jáde. Ohun tí ọmọ yín ń fẹ́ lọ́dún 2014 ni ó ṣì ń fẹ́ lónìí. Ọ̀nà tó rò pé ó lọ síbẹ̀ ni wọ́n dí mọ́ ọn.

Ẹ má sì rò pé ìbò Yúróòpù yẹn ti gbogbo ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n dì “bẹ́ẹ̀ ni” lọ́dún 2014, tí wọ́n sì fẹ́ kúrò ní Yúróòpù lọ́dún 2016. Nígbà tí àwọn aṣáájú òmìnira wá ń sọ pé àwọn yóò padà sí Yúróòpù, wọ́n kẹ́rù wọn sọ́dọ̀ “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Àwọn kan tún wò ó pé ọjà tí Skọ́tlándì ń tà fún àwọn yòókù ní Bírítéènì pọ̀ ju èyí tó ń tà fún Yúróòpù lọ, pé ààlà tó wà láàárín Yúróòpù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wá di ààlà ẹnu ọ̀nà tiwọn. Mo gbà pé ìdí wọ̀nyí ṣeé gbọ́ sétí níhà méjèèjì, nítorí gbogbo wọn ló kan bí ìgbésí ayé yóò ti rí lábẹ́ ìjọba kan tàbí èkejì.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lèyí, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa. Apá àríwá Kamẹrúùn tó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ tó gba apá Gwoza ní Bọ̀nọ̀ àti Mubi ní Adamawa títí dé orí òkè Mambilla ní Tàràbà òde òní, dìbò lábẹ́ ojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1959. Wọ́n bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ wà lára Ẹkùn Àríwá Nàìjíríà nígbà tí Nàìjíríà bá gba òmìnira, àbí wọ́n fẹ́ kí á fi ìpinnu náà sí ọjọ́ iwájú. Àwọn 42,788 ní àwọn fẹ́ Nàìjíríà, àwọn 70,546 ní kí á fi í sí ọjọ́ iwájú. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì ọdún 1961, wọ́n tún pè wọ́n síbi àpótí. Lọ́tẹ̀ yìí, 146,296 yan Nàìjíríà, 97,659 sì yan Kamẹrúùn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn? Ọ̀gá tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán láti mójú tó ìdìbò àkọ́kọ́ sọ nínú ìròyìn rẹ̀ pé ìbò ìbínú ló pọ̀ nínú ti 1959: àwọn ará ibẹ̀ ń bínú sí ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lórí wọn, wọ́n sì rí ìdìbò náà bí ọ̀nà láti sọ ọ́ síta. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ̀. Nígbà tí wọ́n tún ìjọba ìbílẹ̀ náà ṣe, tí àgbègbè wọn di ẹkùn-ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀, ìbínú náà rọlẹ̀. Àwọn olùdìbò pàápàá yí padà: ọkùnrin nìkan ló dìbò lọ́dún 1959, àwọn obìnrin sì dì í lọ́dún 1961. Ìbéèrè náà tún yàtọ̀, nítorí pé “ẹ jẹ́ kí á ní sùúrù” kò sí lórí ìwé mọ́. Nàìjíríà tàbí Kamẹrúùn ni. Ẹkùn odindi ló yí ọkàn padà níṣojú gbogbo ayé. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Mubi tàbí Gembu máa pe bàbá rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀ lórí èyí.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí Kamẹrúùn ni ìdí kẹta yín. Àwọn ọ̀dọ́ tó bú àgbà ní ìpàdé ṣe ohun tó burú, ó sì yẹ kí àwọn òbí wọn pè wọ́n jókòó. Ṣùgbọ́n wọn kò sí lórí ìwé ìdìbò. Bí òmìnira bá dára, ẹnu burúkú wọn kò lè bà á jẹ́. Bí kò bá dára, ọ̀wọ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ wọn kò lè tún un ṣe. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ yọ ìbínú yẹn kúrò lórí òṣùwọ̀n pátápátá, kí ẹ wá wò ó bóyá ìdí méjì tó kù ṣì tó láti gbé yín dúró síbi tí ẹ dúró sí.

Ìwọ̀n kan náà ni mo fẹ́ kí á fi wọn àbúrò yín, nítorí pé mo rò pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju èébú lọ. Gbogbo wa ní Èkìtì la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí àwọn agbébọn pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Ẹmùrè lọ́jọ́ kan náà. Ọba méjì! Ẹni tó bá gbọ́ irú rẹ̀ tí kò béèrè pé ìjọba wo ló ń ṣọ́ wa, ọkàn rẹ̀ ti yigbì. Ìbànújẹ́ yìí kan ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, nítorí pé agbára lórí ọlọ́pàá jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí òmìnira ń gbé láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Síbẹ̀, ó yẹ kí àbúrò yín bi ara rẹ̀ bóyá òmìnira nìkan ló lè fún un ní ohun tó ń wá, àbí àtúntò tó fún ìpínlẹ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀ lè tó. Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ lọ́dún 2020 láìfi Nàìjíríà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò tíì tó ohun tí a ń fẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwé ìdìbò kì í sábà ní àpótí fún àárín. Ọ̀pọ̀ ará Skọ́tlándì ni ìbá ti yan agbára púpọ̀ sí i nínú Bírítéènì, ṣùgbọ́n wọn kò fi í sórí ìwé. Ìgbà tí ìdìbò ku ọ̀túnla ni àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta tó tóbi jù wá ṣe ìlérí agbára náà ní gbangba. Ní Gúúsù Kamẹrúùn, ìyẹn apá kejì Kamẹrúùn tó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1961, ẹni tó fẹ́ dá dúró kò rí àpótí kankan: Nàìjíríà tàbí Kamẹrúùn ni fún wọn náà. Kamẹrúùn ni wọ́n yàn, 233,571 sí 97,741, ìjà tó sì ń jà ní agbègbè náà láti bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ṣẹ̀yìn ohun tí wọn kò bi wọ́n lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí owó ìfẹ̀yìntì. Àbúrò yín lè máa rò pé ẹ̀ ń ta ilẹ̀ baba yín nítorí owó oṣù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ àdéhùn láàárín ìjọba àti ẹni tó fi agbára ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹni tó bá sì fẹ́ yí ìjọba padà gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tí yóò mú àdéhùn náà ṣẹ. Owó tí Èkìtì fi ń san owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì gbára lé ohun tí wọ́n ń pín ní Àbújá lóṣooṣù. Àwọn tó ń fẹ́ òmìnira ní èsì: Èkó wà lọ́dọ̀ Yorùbá pẹ̀lú èbúté àti owó orí rẹ̀, epo rọ̀bì sì wà ní Oǹdó. Èsì gidi ni. Ṣùgbọ́n yóò gba kí ẹnì kan jókòó ti ìwé ìṣirò, kí ó sì sọ irú owó tí a ó máa ná, ilé ìfowópamọ́ àgbà tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, àti iye gbèsè Nàìjíríà tí a ó gbà rù. Lọ́dún 2014, nígbà tí ìdìbò Skọ́tlándì ku oṣù méje, George Osborne tó jẹ́ mínísítà ìnáwó Bírítéènì sọ ní gbangba pé Skọ́tlándì tó bá dá dúró kò ní bá àwọn pín owó pọ́n-ùn lò, láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè “owó wo ni ẹ ó máa ná?” ti ń lé àwọn olùpolongo òmìnira káàkiri. Ilẹ̀ tó ní ìwé ìpolongo tó nípọn lórí ọ̀rọ̀ náà ni ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí o. Àwa kò tíì ní ìwé bẹ́ẹ̀ tí ará ìlú lè kà ní Ìkọ̀lé.

Èyí tó wúwo jù lójú tèmi nínú ìdí yín ni Ẹ̀rúkù. Ìjọba ìbílẹ̀ tí Ẹ̀rúkù wà nínú rẹ̀ ní Kwárà ń jẹ́ Èkìtì. Èèyàn wa ni wọ́n, ìpínlẹ̀ ni ó yà wá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa rí lọ́jọ́ ọjà kan. Ẹ̀gbọ́n yín gbé àpò èlùbọ́ méjì sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń bọ̀ wá kí yín fún ìnáwó ẹbí. Lónìí, ẹni tó lè dá a dúró kò ju ọlọ́pàá ojú ọ̀nà lọ. Bí ààlà orílẹ̀-èdè bá gba ibẹ̀, aṣọ́bodè ni yóò ní kí ó sọ àpò kalẹ̀, yóò béèrè ìwé ìrìnnà, yóò béèrè owó ibodè lórí èlùbọ́, owó tó sì wà ní ìkọ́ aṣọ rẹ̀ lè má jẹ́ owó tí wọ́n ń ná ní Ìkọ̀lé. Àwọn kan yóò sọ pé Kwárà àti àwọn Òkun ní Kogí yóò bá wa lọ. Ta ni ó bi wọ́n? Bí wọ́n bá bi wọ́n tí Ẹ̀rúkù sì ní “bẹ́ẹ̀ ni”, ṣùgbọ́n tí ìpínlẹ̀ Kwárà lápapọ̀ ní “bẹ́ẹ̀ kọ́”, ìbò ta ni a ó tẹ̀ lé?

Wọ́n tún lè sọ pé òfin ECOWAS ti gba ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàyè láti ọdún 1979 láti máa rìn fàlàlà. Nàìjíríà àti Olómìnira Benin wà nínú ECOWAS kan náà. Síbẹ̀, nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Yorùbá tó wà ní Kétu àti Yorùbá tó wà ní Ìmẹ̀kọ wà ní ìhà méjì ilẹ̀kùn, ìjọba kò sì ní kí wọ́n ṣí ti Ìdí-Ìrókò títí di ọdún 2022. Àwọn baba wa tó ja Kírìjì láti ọdún 1877 mọ ìnira yìí. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà lọ́dún 1886, tí Èkìtì bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn, wọ́n ṣì ní láti ṣe ìpinnu lórí Ọ̀tan, Ìrèsì, Ada àti Ìgbájọ: wọ́n fi àwọn ìlú náà sílẹ̀ fún Ìbàdàn, wọ́n sì ní kí ará ibẹ̀ tó bá fẹ́ kó kúrò lọ láàyè láti kó. Ẹ ronú sí ohun tí ó jẹ́ fún ìdílé kan láti kó ẹrù kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n sin bàbá wọn sí, nítorí ibi tí ààlà gbà.

Ó tún ku ohun kan tó yẹ kó wà lọ́kàn yín bí ẹ ti ń wọn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ní “bẹ́ẹ̀ kọ́” lè tún rí ìwé ìdìbò gbà: Quebec ní Kánádà ní “bẹ́ẹ̀ kọ́” lọ́dún 1980, wọ́n sì tún bi wọ́n lọ́dún 1995. Ẹni tó ní “bẹ́ẹ̀ ni” tó sì borí kì í rí ọjọ́ tí wọ́n ó ní kí ó wá tún un dì. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ẹ̀rí tó gbé ènìyàn lọ sí “bẹ́ẹ̀ ni” gbọ́dọ̀ le díẹ̀ ju èyí tó gbé e lọ sí “bẹ́ẹ̀ kọ́” lọ. Àbúrò yín kò ní fẹ́ràn gbólóhùn yìí, ó sì lè fèsì pé àǹfààní tó bá kọjá lọ lè má padà mọ́, nítorí pé Quebec kò tíì tún dìbò láti ọdún 1995 tí “bẹ́ẹ̀ kọ́” fi ìbò 54,288 péré borí nínú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Ìwé ìdìbò tí wọ́n kà sí ìbàjẹ́ lọ́jọ́ náà nìkan lé ní 86,000. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá fún pọ̀ tó báyìí, àwọn tó yí ọkàn padà ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni wọ́n pinnu rẹ̀.

Ní ti Nàìjíríà, kò sí ìdìbò kankan lórí òmìnira níwájú wa. Abala kejì ìwé òfin 1999 sọ pé orílẹ̀-èdè kan tí kò ṣeé pín ni Nàìjíríà. Dídá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ ni abala kẹjọ gba kí á dìbò lé lórí. Skọ́tlándì pàápàá, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bírítéènì sọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 pé ilé aṣòfin wọn kò lè dá pe ìdìbò mìíràn. Ẹ̀yin àti ọmọ yín ní àkókò, kò sì sí ohun tó ń lé yín.

Nígbà tí ẹbí bá tún jókòó, ẹ sọ fún àbúrò yín pé ẹ ti yọ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ yẹn kúrò nínú ìdí yín. Ẹ wá bi í pé ibo ni ààlà yóò gbà ní Ẹ̀rúkù, owó wo ni wọn yóò sì fi san owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ní oṣù àkọ́kọ́. Kí ẹ sì gbà kí òun náà bi yín ní tirẹ̀: bí wọ́n bá tún jí ọmọ ilé-ìwé gbé ní Èkìtì, tí ọlọ́pàá tí wọ́n ń darí láti Àbújá kò sì tètè dé, kí ni “bẹ́ẹ̀ kọ́” yín ní láti sọ fún ìyá ọmọ náà? Ẹ múra ìdáhùn ìyẹn sílẹ̀ kí ẹ tó lọ.